Alùpùpù tí kì í jẹ́ kí n gbẹ́sẹ̀ sókè: ohun tí ojú mi rí lọ́dún méjì

Síkẹ́ẹ̀tì ni mo sábà máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, alùpùpù tí táǹkì epo rẹ̀ ga dí iwájú kò lè bá mi lò. Ti eléyìí wà lábẹ́ ìjókòó, iwájú ṣófo, ẹsẹ̀ kàn ń gbabẹ̀ kọjá ni. Honda ló sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká pẹ̀lú Super Cub tí wọ́n gbé jáde ní 1958. Ní 2017, iye tí wọ́n ti ṣe pé mílíọ̀nù 100. Ẹ́ńjìnnì tèmi tóbi tó 110 cc.

Ẹ má pè é ní sìkútà o. Táyà rẹ̀ tóbi, kòtò tí ì bá mi sìkútà jìgìjìgì, wẹ́rẹ́ ló ń bọ́ síbẹ̀ tó sì ń jáde.

Jíà ló fìyà jẹ mí. Wọ́n ní kò ní kúlọ́ọ̀ṣì ọwọ́, ìyẹn ohun tí a ń fọwọ́ tẹ̀ láti já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà kí a tó yí jíà, èmi wá rò pé kò ní jíà rárá. Mẹ́rin ló ní! Ẹsẹ̀ òsì la fi ń yí i: ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ gòkè, gìgísẹ̀ ń dá a padà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, wàrà ni mo ń gbẹ́sẹ̀ kúrò, alùpùpù á sì fò bí ewúrẹ́ tó já okùn. Mẹkáníìkì kan ló là mí lójú: kúlọ́ọ̀ṣì wà, inú ẹ́ńjìnnì ló fara pamọ́ sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré ló ń dì mú, bó bá rọlẹ̀ á tú. Ẹsẹ̀ tó bá tẹ jíà náà ń tú u. Ìyẹn ni pé díẹ̀díẹ̀ ni kí n máa gbẹ́sẹ̀. Ní báyìí, mo lè dúró níbi iná pupa nínú jíà kìíní, kò ní kú.

Wọ́n bo ṣéènì, gírísì kì í kan aṣọ mi. Ike iwájú orúnkún ń gba ẹrẹ̀, àmọ́ bàtà ṣì ń tutù tí òjò bá le.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ibi tí orúnkún lè fún mọ́. Tí mo bá tẹ búréèkì lójijì, ọwọ́ nìkan ló ń gba gbogbo ara mi dúró. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, atẹ́gùn ọkọ̀ ńlá ń tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò gbé e débẹ̀ mọ́. Epo kì í tètè tán, ṣùgbọ́n lítà mẹ́rin ni táǹkì ń gbà, tí mo bá sì fẹ́ rà á, mo gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí n tú ẹrù tí mo so mọ́ ìjókòó, kí n tó ṣí i.