Àgbéyẹ̀wò tẹ́dì òkété mi, láti orí bébà títí dé ọwọ́ ọmọ

Ẹ̀yin ayàwòrán ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń bi mí báwo la ṣe sọ Ẹ̀rẹ̀kẹ́ di tẹ́dì, ta ló rán an, ṣé Kickstarter, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń dáwó fún iṣẹ́ tuntun, ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ Nàìjíríà. Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan títí àwọn tẹ́dì náà fi dé, tí mo fọ̀ wọ́n, tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Òkè-Àró l'Ákùúrẹ́ sì fà wọ́n nírù. Ní báyìí mo lè sọ̀rọ̀, ó sì máa gùn díẹ̀.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, òkété inú àwòrán mi ni Ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo nǹkan tó bá rí l'Ọ́jà Ọba ló máa ń kó sẹ́nu, èkùrọ́, bọ́tìnnì, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni. Màmá mi kọ́kọ́ ní kí ló dé tí mi ò ya ìjàpá, pé ṣebí òkété ló da Ifá, ta ló máa ra irú ẹran bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ìjàpá ti pọ̀ nílẹ̀ jù, òkété sì lẹ́wà lójú mi, òun ló ní àpò nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tó fi ń kó oúnjẹ lọ sí ihò, ìrù ẹ̀ gùn, apá ìdí ẹ̀ dúdú, apá ìparí ẹ̀ funfun báláú, ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀ pé kì í ṣe eku ilé. Irú ẹran yìí ni àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ ní Tanzania láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Magawa gba àmì ẹ̀yẹ wúrà PDSA, àjọ tó ń tọ́jú ẹranko ní UK, ní 2020 torí iṣẹ́ tó ṣe ní Cambodia. Ẹni tó bá bú òkété lójú mi, ọ̀rọ̀ Magawa ni mo fi ń dá a lóhùn.

Ẹni tí mo fẹ́ yìn jù ni màmá aránṣọ kan ní Ìsinkàn. Ìrọ̀rí àti aṣọ ọmọ wẹ́wẹ́ niṣẹ́ wọn, wọn ò rán tẹ́dì rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ aṣọ. Mo gbé àwòrán iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn lọ bá wọn, wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí yọ ju imú lọ, tí mo bá ki nǹkan sí i, imú ò ní hàn mọ́. Èwo lo fẹ́ kéèyàn kọ́kọ́ rí?" Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni, mà. Wọ́n ní ó dáa, a máa gbé imú sókè díẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹlòmíì tó bi mí nírú ìbéèrè yẹn nínú gbogbo àwọn tá a bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn wọn.

Wọ́n wá gbẹ́ fọ́ọ̀mù bí orí òkété, wọ́n fi nílọ́ọ̀nù àti sẹ́lótéèpù wé e, wọ́n fi báírò fa ìlà síbi tí ìránpọ̀ máa gbà, wọ́n wá bó téèpù yẹn kúrò bí ẹni bó ọsàn, pátánì nìyẹn. Aṣọ búláńkẹ́ẹ̀tì onírun kúkurú la rà l'Ọ́jà Ọba. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí èyí: irun aṣọ yẹn níbi tó kọjú sí, ẹ fọwọ́ pa á wò, gbogbo abala ni kẹ́ ẹ tẹ́ kí irun ẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ apá kan máa dúdú ju ìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà ni. Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n ti fi bíléèdì là á kí irun má bàa gé. Fáíbà ni wọ́n ki sí i, wọ́n ní àwọn ò lo fọ́ọ̀mù wẹ́wẹ́ torí ó máa ń ṣù jọ téèyàn bá fọ̀ ọ́. Ìrù ló gba àkókò jù. Ẹnì kan ní ká ki wáyà sí i kó lè máa tẹ̀, màmá ní lọ́jọ́ tí wáyà bá yọ gún ọmọ lójú ńkọ́? Fáíbà náà la kì síbẹ̀ gbọingbọin, ó sì tó.

Ojú ẹ̀, mónógíráàmù ni, òwú ni wọ́n fi rán an sára aṣọ, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ orúkọ sára yúnífọ́ọ̀mù lójú ọ̀nà Ọba Adésídà. Ojú oníke dán jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3, ẹnu ló fi ń yẹ gbogbo nǹkan wò. Nínú EN 71, ìlànà ààbò ohun ìṣeré ọmọdé tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, ojú tó bá ju mìlímítà 6 lọ, agbára 90 newton ni wọ́n á fi fà á, ó súnmọ́ ìwúwo kílò 9, kò sì gbọdọ̀ já. Ẹ fa ojú tẹ́dì tó wà nílé yín wò.

Ó wá kan owó. Kickstarter ti wà láti 2009, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí èèyàn ti lè ṣí ìdáwó níbẹ̀, a lè dá fún ẹlòmíì, a ò lè gbà á. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ló ṣí i lórúkọ ara ẹ̀, a sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé èmi ló ya òkété, òun ló ń gba owó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ́dọ̀ wọn ni pé tí iye tẹ́ ẹ kọ ò bá pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀ nínú káàdì ẹnikẹ́ni, ẹ ò ní gba ìdajì owó kẹ́ ẹ wá máa sá fún èèyàn. Wọn ò tún gba àwòrán kọ̀ǹpútà tó ń díbọ́n bíi pé nǹkan ti wà, sáńpù gidi ni wọ́n fẹ́ rí, ti màmá yẹn la gbé gun Òkè Ìdànrè tá a yà ní fọ́tò. Owó tí wọ́n ń yọ: ẹni tó bá dá £20, 5% lọ, 3% àti pẹ́nì 20 ti ìsanwó tún lọ, ó di £18.20. Lẹ́yìn náà ẹ ṣì máa dúró nǹkan bí ọjọ́ 14, káàdì àwọn kan á kọ̀, wọ́n á fún wọn lọ́jọ́ 7 láti tún un ṣe, àwọn míì ò sì ní padà wá.

Àwọn ará ilé ò rí i san níbẹ̀ nígbà yẹn, torí ní 2022 ọ̀pọ̀ báńkì dá lílo káàdì náírà lókè òkun dúró. A ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún tiransifáà. Àwọn ìyá ọlọ́jà ń bi mí, "Ṣé àjọ ni? Ìgbà wo ló kàn mí?" Mo ṣàlàyé pé kò kan ẹnikẹ́ni, tẹ́dì lẹ máa gbà, tí ò bá sì ṣeé ṣe owó yín á padà. Mi ò fọwọ́ kan owó yẹn títí ti Manchester fi pé.

Ẹ lè ní kí ló dé tí màmá ò rán gbogbo ẹ̀. Ní UK, kódà tẹ́dì tẹ́ ẹ fọwọ́ rán, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á ó gbọ́dọ̀ ní àmì ààbò UKCA tàbí CE, pẹ̀lú ìwé pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Fakitírì kan ní China ló ṣe ti àwọn ará UK, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Sáńpù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ bà mí nínú jẹ́ gan-an. Ìrù pupa rẹ́súrẹ́sú láti ìdí dópin, eku ilé pátápátá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò lápò, òwú ni wọ́n fi fa ìlà síbẹ̀. Ojú oníke, bẹ́ẹ̀ mo kọ ọ́ gàdàgbà pé mónógíráàmù ni mo fẹ́. Wọ́n tún ní àtúnṣe máa gba owó míì. Sáńpù màmá ló gbà wá, a fi DHL gbé e sí wọn, wọ́n tú u, wọ́n wọn gbogbo abala ẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ló wá jọ Ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ ṣọ́ owó àwọn tó ń gbé ẹrù bíi DHL o. Tẹ́dì fúyẹ́ àmọ́ ó gba àyè, wọ́n máa ń wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á fi 5000 pín in, iye kílò tẹ́ ẹ máa sanwó ẹ̀ nìyẹn. Páálí 30 sí 30 sí 40 di kílò 7.2 lọ́wọ́ wọn, ì báà jẹ́ kílò 2 ló wà nínú ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú nílọ́ọ̀nù tiwa, wọ́n dé ní pẹlẹbẹ, à ń gbọ̀n wọ́n, à ń sá wọn sóòrùn.

Mo ti lo méjèèjì báyìí. Ti fakitírì, ìránpọ̀ ẹ̀ gún, aṣọ ẹ̀ kúnná, ó tètè ń gbẹ. Ti màmá wúwo díẹ̀, kì í tètè gbẹ lásìkò òjò, ṣùgbọ́n àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ jìn, ọwọ́ ọmọ ń wọlé dáadáa, òun làwọn ọmọ ń jà sí. Tó bá jẹ́ ọmọ lẹ fẹ́ rà á fún, ti màmá ni kẹ́ ẹ rà. Màmá ti gba ọmọọṣẹ́ kún ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà kejì tí wọ́n máa rán l'Ákùúrẹ́ níbí ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, orúkọ wọn á sì wà lára lébẹ̀ẹ̀lì ìdí ẹ̀ pẹ̀lú tèmi.