Àǹkárá òwú àti àǹkárá pọliẹ́sítà: èwo ló rọ̀ jù?

Lọ́wọ́ ọlọ́jà, pọliẹ́sítà ló sábà máa ń borí. Ó ń yọ̀ lábẹ́ ìka, ó sì ń wọ́ wálẹ̀ dáadáa. Àǹkárá òwú tuntun a máa le, a sì máa dún bí ìwé tí ẹ bá ká a. Sítáàṣì tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ ló fà á, omi ni yóò sì gbé e lọ. Ẹ gba ègé kékeré, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ tó pè é ní líle.

Ẹ kọ́kọ́ nu ọwọ́ yín gbẹ, torí ọwọ́ tó làágùn máa ń fà mọ́ aṣọ. Ẹ dijú: àwọ̀ àti dídán ń tan ojú jẹ. Ẹ yẹ bí aṣọ ṣe kúnná wò, bó ṣe rọrùn láti ká, àti bó ṣe ń rì tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Aṣọ lè kúnná kó má rọ̀. Ẹ̀rọ ìwọn aṣọ tí Sueo Kawabata, onímọ̀ nípa aṣọ, ṣe ní Jàpáánì láwọn ọdún 1970 pàápàá ń wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti kíká ṣeé wọ̀n nílé, lọ́nà tí F. T. Peirce, onímọ̀ nípa aṣọ, gbé kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1930. Ẹ gé aṣọ ní ìbú sẹ̀ǹtímítà 2.5, gígùn 20. Ẹ gbé páálí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ẹ fa ìlà sí i láti etí tábìlì: bó bá lọ síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 10, kó sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ẹ fi rúlà lé e, ẹ ti méjèèjì jáde díẹ̀díẹ̀ títí orí aṣọ yóò fi kan ìlà. Bí èyí tó yọ jáde bá ṣe kúrú tó ni aṣọ ṣe rọ̀ tó. Ẹ wọ̀n ọ́n ní òró àti ní ìbú, lójú àti lẹ́yìn. Ẹ má gé e níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Ibẹ̀ máa ń rọ̀ ju ibi yòókù lọ.

Àmọ́ ara ni yóò wọ aṣọ, kì í ṣe ìka. Òwú lè gba ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó nǹkan bí 8% ìwọ̀n ara rẹ̀. Ti pọliẹ́sítà kò tó 1%. Lọ́sàn-án gangan lóde ìnáwó, èyí tó ń yọ̀ lọ́jà ni yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Òwú ni kí ẹ rà fún ìró àti bùbá. Pọliẹ́sítà dára fún gáùn tó gbọ́dọ̀ máa wọ́ wálẹ̀, nínú gbọ̀ngàn tó tutù.

Bí ọlọ́jà bá ní òwú ni, ẹ fa fọ́nrán kan, ẹ fi iná sí i. Òwú a rùn bí ìwé tó jó, eérú rẹ̀ a fọ́; pọliẹ́sítà a yọ́, a di kókó dúdú líle. Tó bá jẹ́ òwú lóòótọ́, ẹ rẹ gbogbo yáàdì náà sómi kó tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀, torí ó lè sún kì.