Owó kọ́ọ̀sì CITB: mo ti gbà á, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ nílùú ọba tẹ́ ẹ sì gba èèyàn síṣẹ́, lébì CITB yẹn (owó tí àjọ tó ń rí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń gbà lọ́wọ́ àwa agbanisíṣẹ́) máa ń ta mí lára o, 0.35% lórí owó àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní PAYE (tí à ń yọ táàsì lára owó oṣù wọn), 1.25% lórí owó àwọn agbaṣẹ́ṣe CIS tí wọ́n ń yọ táàsì wọn, àmọ́ tó o bá rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí kọ́ọ̀sì, díẹ̀ á padà wá. Lọ́dún 2023, £2,500 ni wọ́n ń san lọ́dún kan lórí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, £3,500 tó bá parí. Kódà tí iṣẹ́ ẹ bá kéré tí o kì í san lébì, ṣáà fi Levy Return (fọ́ọ̀mù ọdọọdún tó o fi ń sọ iye tó o san fáwọn òṣìṣẹ́) ránṣẹ́, wàá gbà.

Àtúnṣe tí CITB ṣe lọ́dún 2018 sí bí wọ́n ṣe ń san owó yìí ló dùn mọ́ mi jù, torí tẹ́lẹ̀ fọ́ọ̀mù la máa ń bá yí, ní báyìí tí ilé ẹ̀kọ́ tí CITB fọwọ́ sí bá ti tẹ èsì ọmọ wọlé, owó á kàn já sí àkáǹtì ni.

Àfi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ síbòmíì ṣá. Ibi tí mo rán fọ́máànù mi lọ fún SMSTS (kọ́ọ̀sì ààbò fáwọn tó ń darí ibi iṣẹ́ ilé kíkọ́), ọjọ́ márùn-ún gbáko, olùkọ́ mọṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ẹni tó wà ní ọ́fíìsì tẹ 6 síbi tí 9 wà nínú nọ́ńbà ilé iṣẹ́ mi, mo dúró dúró owó ò dé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè kó tó ní "oh, sorry". Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà! Ẹ gba sikrinṣọ́ọ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

CITB, 4 nínú 5. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn, 3, torí tíì wọn dáa.