Màmá alórín Ìtòkú: pákò rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì mi kò ní kúrò nílé

Ẹni tó bá ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ẹnu ló fi ń jẹun. Oníbàárà á sún mọ́ ọ, ẹ ó jọ tẹ orí ba aṣọ kan náà, ẹ ó máa ná an. Bí ẹnu rẹ bá ń rùn lásìkò yẹn, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ. Oníbàárà á kàn ní òun fẹ́ yọjú sí ìsọ̀ kejì, òun ń bọ̀, ó parí nìyẹn. Nítorí náà, ẹnu fífọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lọ́dọ̀ tèmi, ara òwò ni. Àwọn tó ń bi mí léèrè ibi tí mo ti ń ra pákò ti pọ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọwọ́ màmá àgbà kan ni, lápá ibi tí àwọn elégbògi àti ẹlẹ́wé-ọmọ pọ̀ sí nínú ọjà wa. Kò ní pátákó, kò sì ní orúkọ ìsọ̀. Àtẹ kan ni, agboòrùn ńlá tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, àti àpò ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ọjà kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má ba à dé ibẹ̀. Orín àtà wà níbẹ̀, pákò Ìjẹ̀bú wà, ayin wà, dóńgóyárò wà, igi ewúro náà wà. Mìsíwáàkì inú ọ̀rá, orín tó ń ti òkè òkun wá, máa ń tà lọ́wọ́ wọn gan-an lásìkò ààwẹ̀. Ìdì àtà kan jẹ́ ₦500 nígbà tí mo rà á kẹ́yìn. Ti Ìjẹ̀bú lé díẹ̀ sí i.

Àtà ni mo máa ń torí ẹ̀ lọ. Gbòǹgbò igi rẹ̀ ni wọ́n ń gé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ rà á, màmá kò tiẹ̀ gba owó lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fi bí wọ́n ṣe ń yàn án hàn mí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, fi èékánná họ ọ́ wò. Bí àwọ̀ ìyeyè bá yọ lábẹ́ èèpo, tó sì tutù lọ́wọ́ rẹ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn. Bó bá ń ya eruku, dá a padà fún mi.” Mélòó nínú wa tó ń tajà ló lè sọ fún oníbàárà pé kó dá ọjà padà? Ìyẹn nìkan ti tó kí n máa padà síbẹ̀.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi àtà sẹ́nu, ẹ ó rò pé igi lásán ni. Ẹ ní sùúrù. Láìpẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, kì í ṣe bí ata ṣe ń ta o, ó ń ta ṣínṣín ni. Lẹ́yìn náà ètè á kú díẹ̀, itọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á bẹ̀rù, á tu ú dànù. Itọ́ yẹn gan-an ló wúlò, torí òun ló ń ṣan oúnjẹ kúrò láàárín eyín, òun náà ló sì ń pa kíkan tí kòkòrò àìfojúrí ń fi ṣúgà ṣe sínú ẹnu. Ẹnu tó bá gbẹ ló ń rùn. Ẹ bi ẹni tó bá ń gbààwẹ̀.

Àbúrò mi tó kàwé nípa oògùn ní Ifẹ̀ máa ń sọ pé orín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa nìkan. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Abayomi Sofowora, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá nídìí ewé àti egbò, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí orín ilẹ̀ wa, tí wọ́n rí i pé omi rẹ̀ ń dí kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́. Gbòǹgbò àtà yìí kan náà ni wọ́n dán wò lára ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí ẹ̀jẹ̀ tó ti ká sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí bó ṣe yẹ kó rí nínú ìgò ìwádìí. Màmá alórín ti gbọ́ ìtàn náà níbì kan, wọ́n sì ti bù mọ́ ọn: wọ́n ní àtà ń wo fòníkú-fọ̀ladìde. Mo sọ fún wọn pé, “Mà, ẹ̀jẹ̀ inú ìgò kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ inú ara.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá ìpolówó wọn lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ní àìsàn yẹn, kó gba ọsibítù lọ, kó ra pákò fún eyín ọmọ náà.

Pákò Ìjẹ̀bú korò díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, adùn kan á sì tẹ̀ lé e. Okùn rẹ̀ lágbára, kì í já sí àárín eyín bíi ti àwọn kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ètè kú, ìyẹn ni kó rà. Ayin korò jù fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ mi kò gba òmíràn. Ní ti ewúro, ẹni tó ń fowó ra igi ewúro ní Abẹ́òkúta kàn ń fi owó ṣeré ni. Ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀sùn tí mo ní sí ìsọ̀ náà kò kéré. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó ń bá màmá dì í máa ń fi èyí tó tutù sí ìta, wọ́n á sì ki èyí tó ti gbẹ sí àárín. Ẹ ó délé kí ẹ tó mọ̀. Nísinsìnyí, mo máa ń ní kí wọ́n tú ìdì náà lójú mi. Màmá á ní, “Ìyá aláàdìrẹ, ṣé o rò pé mo fẹ́ rẹ́ ọ jẹ ni?” Màá ní, “Rárá o, mà, ojú mi ló kàn fẹ́ rí i.” Wọ́n á kùn, wọ́n á sì tú u. Èkejì ni ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń kó pákò tútù sí fún èèyàn. Bó bá sùn nínú ọ̀rá, nǹkan funfun á hù sí i lára. Bí ẹ bá ti dé ilé, ẹ tú u síta, ẹ to ó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́.

Ẹ̀kẹta ló bí mi nínú jù: ẹ̀tù dúdú inú ìgò kékeré tí wọ́n ń tà pé ó ń sọ eyín di funfun. Èédú lílọ̀ ni, pẹ̀lú iyọ̀. Eyín á tàn lóòótọ́ lọ́jọ́ kìíní, torí gbígbo ló ń gbo àwọ̀ obì àti tíì kúrò. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbo àwọ̀ náà ló ń gbo ara eyín. Ìpele líle tó bo eyín kì í sì í hù padà bí èékánná ṣe ń hù. Ẹ má rà á.

Kànáfùrù wọn dáa ní tirẹ̀. Òróró inú rẹ̀ máa ń mú ibi tó ń dùn kú fún ìgbà díẹ̀, kí èèyàn lè sùn mọ́jú. Kò ní dí ihò tó wà nínú eyín. Ẹni tí eyín bá ń dùn, ẹ̀ka eyín wà ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Abà, kó gba ibẹ̀ lọ láàárọ̀ kùtù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bá ti wú, tí ibà sì tẹ̀ lé e, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kànáfùrù rárá.

Bí mo ṣe ń lo pákò náà nìyí. Bí mo bá jí, mo máa ń fi omi yọ ẹnu kí n tó kí ẹnikẹ́ni, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé. Lẹ́yìn náà, màá bó èèpo orí pákò, màá fi eyín rún un díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi tú sí okùn wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Wọ́n á máa fi igi líle gbo eyín lọ gbo eyín bọ̀ bí ẹni ń fá ìdí ìkòkò. Ẹran ìdí eyín á máa sá, gbòǹgbò eyín á yọ síta, omi tútù á wá di ohun tí wọn kò lè mu mọ́. Láti ìdí eyín ni kí ẹ ti máa fà á wá sẹ́nu eyín: ti òkè, ẹ fà á wálẹ̀, ti ìsàlẹ̀, ẹ fà á sókè, jẹ́jẹ́. Bí orí rẹ̀ bá ti rẹ̀ tán, mo máa ń gé e kúrò kí n tó tún lò ó lọ́jọ́ kejì. Ẹnikẹ́ni kì í sì í yá pákò mi, ì báà jẹ́ ọkọ mi.

Níbi tí pákò ti kù díẹ̀ káàtó nìyí: igi gbọọrọ ni, kì í tètè dé ẹ̀yìn eyín lọ́dọ̀ ahọ́n. Ẹ̀yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀ gan-an ni ìdọ̀tí sì ti máa ń dì di èépá líle, torí itọ́ ń tú jáde nítòsí ibẹ̀, èròjà inú itọ́ ló sì ń mú un gan. Màmá alórín máa ń sọ pé ẹni tó bá ń jẹ pákò òun, kó ju búrọ́ọ̀ṣì nù. Ibẹ̀ ni ọ̀nà èmi àtiwọn ti pín.

Alẹ́ ni mo máa ń lo búrọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn oúnjẹ, tí n kò ní fi nǹkan kan sẹ́nu mọ́ àfi omi. Itọ́ máa ń dín kù lójú oorun, ohun tí ẹ bá gbé sùn sínú eyín yóò ráyè ṣiṣẹ́ ibi. Ẹ wo ara páálí pésìtì yín kí ẹ tó rà á: WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí fluoride inú rẹ̀ wà láàárín 1,000 sí 1,500 ppm, ìyẹn ìwọ̀n rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan. Fluoride yìí ló ń mú ara eyín le sí kíkan, pákò kò sì ní in tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ tu fóòmù náà dànù, ẹ má fi omi rẹpẹtẹ ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kó lè dúró lára eyín. Fún ọmọ kékeré tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó. Mo tún máa ń ha ahọ́n mi, torí ẹ̀yìn ahọ́n ni òórùn ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà ńkọ́? Gbogbo pákò ayé kò lè gba ẹni tó ń fa mínírà díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nínú ìsọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń ba eyín jẹ́, bó ṣe ń wọ ẹnu lemọ́lemọ́ ni. Èmi náà ń mu gàrí pẹ̀lú ṣúgà lọ́sàn-án o, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n màá mu ún lẹ́ẹ̀kan, kó tán, màá fi omi yọ ẹnu. Bó bá sì jẹ́ ọsàn tàbí mínírà ni ẹ mu, ẹ dúró tó ìdajì wákàtí kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan eyín, torí kíkan rẹ̀ máa ń rọ ojú eyín fún ìgbà díẹ̀.

Nínú 5, màá fún àtà wọn ní 4, pákò Ìjẹ̀bú ní 4, ẹ̀tù dúdú wọn ní òfo. Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, ìgbà náà ni ọjà tútù máa ń wà nílẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tú ìdì lójú yín. Lọ́jọ́ ọjà, èrò pọ̀, màmá kì í ráyè kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání pẹ̀lú. Wọn kì í gba tíránsífà, wọ́n ní fóònù àwọn kì í tètè dún.