Lọ́wọ́ atẹ̀wéjáde ni tàbí lọ́wọ́ alágbàtà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ṣí ilé ìtàwé tirẹ̀

Ìmọ̀ràn tí ẹni tó fẹ́ ṣí ilé ìtàwé máa ń gbọ́ jù ni pé kó lọ ra ìwé tààrà lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, pé ibẹ̀ ló ti pọ́ọ́kú. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé. Lóòótọ́ ni ẹ̀dínwó atẹ̀wéjáde sábà máa ń ju ti alágbàtà lọ, ṣùgbọ́n owó ẹrù àti ìwé tí kò tà lè gbé èrè yẹn lọ ráúráú. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ta lẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an?

Àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde ńlá bíi Penguin Random House, HarperCollins àti Hachette ní ilé ìkẹ́rùsí tiwọn, wọ́n sì ń ṣí àkáǹtì fún àwọn ṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ rà tààrà. Àwọn atẹ̀wéjáde kéékèèké kò lágbára irú ìyẹn, nítorí náà wọ́n máa ń gbé ìwé wọn fún ilé iṣẹ́ apínwèé kó bá wọn tọ́jú rẹ̀, kó sì bá wọn tà á. Irú wọn ni Consortium àti Publishers Group West, tí àwọn méjèèjì wà lábẹ́ Ingram, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, báyìí. Tí ẹ bá ṣí àkáǹtì kan péré lọ́dọ̀ irú wọn, ìwé ọ̀pọ̀ atẹ̀wéjáde kéékèèké ti wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ̀dínwó ibẹ̀ sì sábà máa ń sún mọ́ ti ẹni tó rà tààrà.

Alágbàtà yàtọ̀. Òun ló ń kó ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún atẹ̀wéjáde jọ sójú kan, tó ń tà á fún ṣọ́ọ̀bù: Ingram ní Amẹ́ríkà, Gardners ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Libri ní Jámánì. Àkáǹtì kan, páálí kan, ìwé owó kan.

Ẹ̀dínwó: ẹ ṣírò rẹ̀ dé ìdí

Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé ni atẹ̀wéjáde ńlá máa ń yọ fún ṣọ́ọ̀bù kékeré lórí ìwé tí gbogbo ayé ń kà. Ti alágbàtà máa ń wà ní 40 sí 42. Ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé kò sí nínú èyí o; ẹ̀dínwó tiwọn lè má ju 20 tàbí 25 lọ, ibi yòówù kẹ́ ẹ ti rà á.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìwé kan tí wọ́n kọ 1,000 sẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rà á tààrà, 540 lẹ máa san. Lọ́dọ̀ alágbàtà, 600. Ọgọ́ta ni ìyàtọ̀ lórí ẹ̀dà kan. Ẹ ra ogójì ẹ̀dà, ìyẹn 2,400 lẹ rí fi pa mọ́, ó sì dùn létí. Ká ní atẹ̀wéjáde gba 2,200 fún owó ẹrù, tí alágbàtà ò sì gba kọ́bọ̀ nítorí pé àwọn ìwé mìíràn tí ẹ rà pẹ̀lú rẹ̀ ti mú kí páálí yín tó ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Èrè 2,400 ti di 200. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀dà 25 péré ló tà ńkọ́? Nígbà náà, 1,500 ni ẹ̀dínwó àfikún tó dé ọwọ́ yín ní tòótọ́, ẹ sì ti san 2,200 lórí ẹrù. Ẹ ti pàdánù 700, ẹ̀dà 15 tó kù sì ń dúró de ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ tí wọ́n á wọ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n má ka ẹ̀dínwó láìka owó ẹrù mọ́ ọn. Àwọn atẹ̀wéjáde kan máa ń gbé ẹrù lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá ti ra iye kan. Ẹ bèèrè iye náà kí ẹ tó rà.

Níbi tí òfin ti fi iye owó ìwé múlẹ̀, bíi Jámánì àti Faransé, ẹ kò lè tà á ju iye tó wà lára rẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tí olùtà bá yọ fún yín ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní. Òfin ọdún 1981 ti Faransé tiẹ̀ ní kí ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ṣọ́ọ̀bù nítorí iṣẹ́ dáadáa tó ń ṣe ju èyí tí wọ́n ń fún un nítorí ọ̀pọ̀ ọjà. Inú mi dùn sí òfin yẹn gan-an.

Dídá ìwé padà

Láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, làwọn atẹ̀wéjáde Amẹ́ríkà ti ń gba ìwé tí kò tà padà kí ẹ̀rù má bàa ba àwọn tó ń tà á. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ di òní, àmọ́ ó ní ìgbà tó ń ṣí àti ìgbà tó ń tì: ẹ kò lè dá a padà kó tó pé iye oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní gbà á tó bá ti pẹ́ jù. Ẹ̀yin lẹ sì sábà máa san owó ẹrù rẹ̀. Ìwé náà gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní. Bébà tí ẹ kọ iye owó sí tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ bá kù lára rẹ̀, wọ́n lè dá odindi páálí padà sí yín. Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ ìwé tó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ dá padà.

Ohun tó ká mi lára jù rèé: wọn kì í fi owó ránṣẹ́ sí yín. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí àkáǹtì yín lọ́dọ̀ wọn ni, kẹ́ ẹ fi ra ìwé mìíràn. Tí ẹ bá ní àkáǹtì lọ́dọ̀ atẹ̀wéjáde mẹ́wàá, owó yín ti fọ́n ká sí ojú mẹ́wàá, àwọn kan nínú wọn sì lè máà ní ìwé tí ẹ fẹ́ ní oṣù yẹn. Lọ́dọ̀ alágbàtà, owó kan náà lè ra ìwé èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàtà kan máa ń fi ìwọ̀n sí iye tí ẹ lè dá padà, tàbí kí wọ́n yọ díẹ̀ lára owó rẹ̀. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ kìkì nígbà tí ẹnì kan bá béèrè fún un kò ṣeé dá padà rárá.

Owó sísan àti yíyá

Ṣọ́ọ̀bù tuntun kò tíì ní orúkọ, nítorí náà wọ́n lè ní kẹ́ ẹ sanwó ṣáájú fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fi sanwó lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ọjà. Àwọn atẹ̀wéjáde mìíràn máa ń fún ṣọ́ọ̀bù tuntun láyè tó gùn lórí ọjà tó fi ṣílé. Wọn kì í polongo rẹ̀. Ẹ bi aṣojú wọn. Tí ìwé owó bá pọ̀ jù, ètò bíi Batch, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn òǹtàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, máa ń jẹ́ kí ẹ san ti gbogbo wọn pa pọ̀.

Ní ti yíyá, alágbàtà ló borí. Ní Jámánì, ìwé tí ẹ pè lónìí sábà máa ń dé láàárọ̀ ọ̀la. Oníbàárà tó wá béèrè ìwé kan ṣoṣo kò ní dúró dìgbà tí páálí atẹ̀wéjáde yóò kún.

Ohun tí alágbàtà ò lè fún yín ni aṣojú tó mọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ̀dà tí ẹ lè kà kí ìwé tó jáde, àti ọ̀nà tó yá láti pe òǹkọ̀wé wá bá àwọn òǹkàwé yín. Lórí ìkànnì Edelweiss, ẹ lè wo kátálọ́ọ̀gù àwọn atẹ̀wéjáde ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, kí ẹ sì to ìwé tí ẹ fẹ́ rà síbẹ̀. Fún ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ kí wọ́n mọ òun mọ́ ìwé tuntun, èyí níye lórí ju ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Bí mo ṣe máa tò ó

Alágbàtà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ kó gbogbo ìwé owó rẹ̀ jáde, kí ẹ to àwọn ìwé inú rẹ̀ sábẹ́ orúkọ ẹni tó tẹ̀ wọ́n. Atẹ̀wéjáde tí ìwé rẹ̀ ń tà lọ́wọ́ yín lóṣooṣù tó iye tó kéré jù tó máa ń gbà, òun ni kẹ́ ẹ lọ ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ máa ra ìwé tuntun tó dá yín lójú lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa bá alágbàtà lọ fún ẹyọ kan, ẹyọ méjì.

Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ alágbàtà nìkan lẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ́dún 2019, Baker & Taylor, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde pé òun kò ní ta ìwé fún ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìwé tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín so mọ́, ẹ ti ṣí àkáǹtì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ máa rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún.