Olórin bluegrass: ṣé kó dúró lẹ́yìn ọ̀gá, àbí kó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orin bluegrass, ìyẹn orin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi gìtá, bánjò àti àwọn ohun èlò olókùn mìíràn ṣe. Lester Flatt, olórin bluegrass ará Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà méjèèjì, ẹ jẹ́ ká fi tirẹ̀ wò ó.

Ní 1945 ló wọ ẹgbẹ́ Bill Monroe, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá bluegrass; Flatt ń kọrin níbẹ̀, tó sì ń ta gìtá. Ẹni tó wà lábẹ́ ọ̀gá kì í wá òde eré fúnra rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ń retí. Grand Ole Opry, ètò orin orí rédíò, sì gbé ohùn Flatt jìnnà. Àmọ́ Monroe ló ni orúkọ, òun náà ló ni àṣẹ.

Ní 1948, Flatt àti Earl Scruggs, àgbà nínú bánjò, dá ẹgbẹ́ tiwọn, Foggy Mountain Boys, sílẹ̀. Ewu ńlá ni, nítorí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí kiri láti rédíò kékeré kan sí òmíràn. Ní 1953 ni Martha White, iléeṣẹ́ oníyẹ̀fun, di onígbọ̀wọ́ wọn. Lójú tèmi, ìgbọ̀wọ́ yìí ló fẹsẹ̀ wọn múlẹ̀ jù. Wọ́n wọ Opry ní 1955, bí inú Monroe ò tilẹ̀ dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni méjì jọ ni lè fọ́: irú orin tí wọn yóò máa ṣe wà lára ohun tó tú wọn ká ní 1969.

Bí ohùn rẹ bá ṣì ń dàgbà, tí o kò sì lówó ìrìnnà, ẹ̀yìn ọ̀gá sàn fún ọ. Bí o bá ti ní orin tìrẹ, alábàáṣe tó mọṣẹ́ àti onígbọ̀wọ́, dá tìrẹ sílẹ̀.