Oṣù mẹ́sàn-án pẹ̀lú àwọn áàpù tó bá fóònù mi wá: àgbéyẹ̀wò láti ọjà Ìtokú ní Abẹ́òkúta

Aṣọ kan tí oníbàárà dá padà ló jẹ́ kí n jókòó ti fóònù mi. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ yáàdì márùn-ún ni, aró rẹ̀ jinlẹ̀ gan-an. Èkó ni obìnrin náà wà, àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí i ló wò tó fi rà á. Nígbà tí aṣọ dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní èyí kọ́ ni òun rà: ti inú àwòrán dà bí ojú sánmà, èyí tó wà lọ́wọ́ òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ó dùn mí, torí pé n kò pa irọ́ kankan. Aṣọ kan náà ni. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, èmi ni mo san án.

Mo ti fẹ́ sanwó fún áàpù kámẹ́rà kan tí wọ́n ń polówó rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dá mi dúró. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò tíì lo èyí tó wà nínú fóònù yín dé ìdajì, ẹ tún fẹ́ lọ gbé òmíràn wá." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo yọ áàpù mọ́kànlá tí mo ti kó jọ kúrò lọ́jọ́ náà, mo sì pinnu pé èyí tó bá fóònù wá ni n ó máa lò títí n ó fi mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Fóònù Android ni, Pánṣẹ́kẹ́ ni mo ti rà á, kì í ṣe olówó gọbọi. Orúkọ àwọn nǹkan lè yàtọ̀ díẹ̀ lórí tiyín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ wà níbẹ̀.

Kámẹ́rà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà fóònù kò mọ̀ pé aṣọ aró ló wà níwájú òun. Tí ohun dúdú bá gba gbogbo ojú rẹ̀, ohun tó máa rò ni pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, á wá bu ìmọ́lẹ̀ kún un fúnra rẹ̀. Bí aró tó jinlẹ̀ ṣe ń di aṣọ tó ti ṣá nínú àwòrán nìyẹn. Tí funfun bá sì ni ó pọ̀ lára aṣọ, á ṣe òdìkejì: á dín ìmọ́lẹ̀ kù, funfun á wá dà bí eérú.

Inú kámẹ́rà yẹn náà ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Mo máa ń fi ìka tẹ ojú aṣọ lórí fóònù, n kì í tètè gbé ìka kúrò, títí àmì àgádágodo tàbí AE/AF LOCK á fi yọ. Àmì oòrùn kékeré kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ni mo máa ń fà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀: mo ń wo aṣọ gan-an, mo ń wo ti fóònù, títí méjèèjì á fi bára mu. Ìgbà yẹn ni mo tó máa yà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo gbé fóònù sórí aṣọ náà, mo sì pe ìyá mi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní, "Aró wa nìyí." Wọn kì í yin nǹkan lásán.

Ibi tí mo ti ń ya àwòrán náà yí padà. Abẹ́ gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù ni tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú yẹn sì máa ń ba àwọ̀ búlúù jẹ́. Ní báyìí, ìta ni, ní nǹkan bí aago 8 àárọ̀, lábẹ́ òjìji òrùlé, kì í ṣe nínú oòrùn gan-an. Mo tan àwọn ìlà tó pín ojú kámẹ́rà sí mẹ́sàn-án kí etí aṣọ lè tọ́. Mo jáwọ́ nínú fífi ìka méjì fa àwòrán súnmọ́. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń súnmọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa nu ojú kámẹ́rà. Àwa tí à ń fọwọ́ kan ẹ̀kọ àti àbẹ́là látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú kámẹ́rà wa kì í mọ́ láéláé. Tí mo bá sì fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo máa ń tẹ HD kó tó lọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, WhatsApp á fún un pọ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí a fi ìyẹ́ adìyẹ fà á wọnú ara wọn. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe báyìí, aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n dá padà, ọ̀rọ̀ gígùn rẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Mi ò fojú sí aago rárá tẹ́lẹ̀, àfi láti fi jí. Ẹni tó bá ti rí aró rí mọ̀ pé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò máa ń rí bí ewé tútù; atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. A ó gbé e sílẹ̀ kó gba atẹ́gùn, a ó tún rì í. Tí aṣọ bá di mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó rọrùn láti gbàgbé èyí tó ti wọ aró lẹ́ẹ̀mẹta àti èyí tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú áàpù aago, níbi Timer, mo lè tan mélòó kan pa pọ̀, kí n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. "Ti ìyàwó Ìbarà, rírì kẹta, ìṣẹ́jú 15." Tó bá dún, orúkọ náà á hàn lójú fóònù, n kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ lè lò ó fún ìrẹsì àti ẹ̀wà tó wà lórí iná pọ̀.

Ẹ̀rọ ìṣirò, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ fa ojú rẹ̀ wálẹ̀, ẹ ó rí gbogbo ìṣirò tí ẹ ti ṣe sẹ́yìn. Èyí ti parí àríyànjiyàn láàárín èmi àti oníbàárà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ẹ máa yọ fún ẹni tó ra yáàdì púpọ̀, ẹ lo àmì ìdá ọgọ́rùn-ún: yáàdì márùn-ún ní ₦3,500 jẹ́ ₦17,500, ẹ fi 10% sọ ọ́ di púpọ̀, ₦1,750 lẹ máa yọ, ₦15,750 lẹ máa gbà. Ìwé gbèsè mi sì wà nínú Keep, áàpù tí Google ṣe fún àkọsílẹ̀, mo fi píìnì gún un mọ́ òkè kó má baà sá lọ sísàlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Èyí tó kàn yìí, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tajà mọ̀ ọ́n. A máa ń gbé fóònù wa fún oníbàárà pé kó wo àwọn àwòrán aṣọ. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ń wo àwòrán lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ láti báńkì wọlé, ó sì ka iye tó kù nínú àkáǹtì mi sókè létí gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀. Kò ṣe é pẹ̀lú èrò burúkú, ṣùgbọ́n ara mi bù máṣọ. Nínú Settings, ní apá Security, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní App pinning tàbí Screen pinning. Ẹ tan án, ẹ sì tan èyí tó ní kí fóònù béèrè PIN kí ẹnikẹ́ni tó lè jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwòrán, ẹ lọ síbi tí àwọn áàpù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò máa ń tò sí, ẹ tẹ àmì tó wà lókè àwòrán náà, ẹ yan Pin. Ẹni tó gba fóònù lọ́wọ́ yín kò ní lè kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíràn. Láti ọdún 2014 ni èyí ti wà lórí Android, mi ò sì mọ̀ ọ́n títí di ọdún yìí. Mo máa ń lò ó fún àwọn ọmọdé náà tí wọ́n bá fẹ́ wo fídíò.

Lórí kíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ìlú Abẹ́òkúta yìí ni míṣọ́nnárì òyìnbó Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní 1859, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi èdè Yorùbá tẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí àwa ọmọ ìlú náà bá ń kọ Yorùbá láìsí àmì kankan, tí a ní fóònù ni kò jẹ́. Oníbàárà kan bi mí pé ẹ̀rọ ni mo fi rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́ kan ni àbí ọwọ́. Mo dáhùn pé "owo ni". Ó dá mi lóhùn pé, "Èló?" Ó gbà wá ní àkókò kí a tó lóye ara wa. Gboard tó wà lórí fóònù mi ní Yorùbá nínú: ẹ wọ Settings rẹ̀, ẹ tẹ Languages, ẹ fi Yorùbá kún un. Tí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn tó ní àmì á yọ jáde. Ọ̀sẹ̀ kan ló gba ọwọ́ mi kó tó mọ́ ọn lára. Nínú Dictionary rẹ̀, mo tún fi nọ́ńbà àkáǹtì mi àti orúkọ báńkì síbẹ̀. Tí mo bá tẹ "akt" tí mo fi ṣe ìkékúrú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á hàn lókè kíbọ́ọ̀dù, n kò ní máa ṣi òǹkà kan tẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ìyá mi àgbà ti lé ní 80 ọdún. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ọnà ara àdìrẹ, bíi Olókun àti Ìbàdàndùn, àti àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kò pè mọ́ ní Ìtokú. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn pé mo fẹ́ gba ohùn wọn. Wọ́n wo fóònù náà títí, wọ́n ní, "Ṣé wẹ́n á gbọ́ mi ní Èkó?" Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìpè wọlé, ìgbohùn sì dúró níbi tó dùn jù. Mi ò rí ibẹ̀ gbà padà, torí pé wọn kì í sọ nǹkan lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní báyìí, mo máa ń tan Airplane mode kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń gbé fóònù lé aṣọ tí a ká, kì í ṣe orí tábìlì tí gbogbo nǹkan ń kàn. Bí a bá sì ṣe parí, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń fún un lórúkọ àti ọjọ́. Mọ́kàndínlógún ni mo ti ní báyìí.

Ní oṣù Keje, fóònù yìí kan náà sọnù. Mo ti pa ohùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò sì rántí tan án padà. A pè é, kò dún. Gbogbo ohun tí mo ń rò ni ohùn ìyá mi àgbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣí áàpù Google tó ń wá fóònù, èyí tí wọ́n ń pè ní Find My Device tẹ́lẹ̀ kó tó di Find Hub ní 2025, mo fi àkáǹtì mi wọlé lórí fóònù tirẹ̀, ó tẹ Play sound. Ìró bẹ̀rẹ̀ láàárín òkìtì aṣọ tí a ti dì fún ẹni tó ń bọ̀ láti Láfẹ́nwá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa ń fi dún, ì báà jẹ́ pé ẹ ti pa ohùn fóònù. Ṣùgbọ́n fóònù gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kó sì ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ti tan áàpù náà kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wò ó lónìí. Ẹ tún tẹ *#06#, kí ẹ kọ nọ́ńbà IMEI tó bá yọ, èyí tí wọ́n fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, sínú ìwé nílé. Ẹ fi orúkọ oògùn àti nọ́ńbà ẹbí síbi Emergency information, kí ẹni tó bá rí yín lójú pópó lè rí i láìṣí fóònù. Lórí fóònù ìyá mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù mi, tí n kò ní dárúkọ, kó áàpù méjì-méjì fún iṣẹ́ kan náà sínú rẹ̀. Èyí tó ní òun ń fọ fóònù mọ́ burú jù, ìpolówó ló ń gbé wá ṣáá. Kò ṣeé yọ. Mo wọ Settings, mo tẹ Apps, mo yan Disable, ó sì dákẹ́. Áàpù Files tó bá fóònù wá ti tó fún yíyọ ohun tó ń gba àyè, Quick Share sì ń gbé àwòrán fún ẹni tó wà nítòsí láìná dátà. Ní ti Google Photos, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2021 ni ìfipamọ́ ọ̀fẹ́ aláìlópin ti parí. 15GB lẹ ní lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti Drive sì ń pín nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbé àwòrán lọ lórí Wi-Fi nìkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dátà yín á tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú márùn-ún, mo fún gbogbo wọn ní mẹ́rin, àwọn ẹ̀dà méjì-méjì yẹn ló jẹ ọ̀kan.

Rédíò ló kù. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ní i, tèmi ní. Kò ná dátà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹ ki okùn earpiece bọ̀ ọ́, torí okùn náà ló fi ń gba ìró láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ ki okùn bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ àmì lásípíkà, gbogbo àgbàlá á gbọ́. Ní ìdí aró wa, Paramount FM 94.5 ni ìyá mi máa ń ní kí n gbé sí, earpiece tó ti bàjẹ́ létí kan ni a sì ń lò.